Bí ẹ ṣe lè ṣàlàyé "èèyàn" àti "inúure" fún ọmọ tí ẹ bí sí Àbújá

Àwa Yorùbá tá a ń gbé Àbújá, ì báà jẹ́ Kubwa, ì báà jẹ́ Lugbe tàbí Nyanya, títí kan àwọn tó ń sùn ní Mararaba tí wọ́n ń jà fún mọ́tò láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ ìlú, ọ̀rọ̀ kan kárí gbogbo wa: àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ìjìnlẹ̀ ẹ̀. Òyìnbó lẹnu wọn mọ́, Haúsá tí wọ́n fi ń bá ọ̀rẹ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù sì ti já geere ju ti àwa òbí lọ. Ẹ wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé "ṣe bí èèyàn jàre", á kàn máa wò yín ni, torí lójú tiẹ̀ èèyàn ṣáà lòun látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kí lẹ tún fẹ́ kóun ṣe? Ìbéèrè gidi ni o, ẹ má pè é ní aláfojúdi. Ọmọ yẹn ti fọwọ́ kan ibi tọ́rọ̀ wà gan-an, pé nínú èdè wa èèyàn kan wà tí wọ́n bí, èèyàn kan sì wà tí a máa ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni bí ẹ ṣe lè jókòó ti ọmọ kẹ́ ẹ jọ tọpa ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, èèyàn àti inúure, láti ẹnu àwọn ará ilé dé inú ìwé àtijọ́, kẹ́ ẹ sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá tó yí wa ká kọjá. Kò gba owó. Ìwé ẹ̀sásáìsì kan, fóònù, Bíbélì àtijọ́ tí ẹ bá ní in tàbí tẹ́ ẹ lè rí yá lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìrọ̀lẹ́ mélòó kan tí iná bá lọ tí tẹlifíṣọ̀n ò sì bá yín du ọmọ.

Ọmọ ló máa kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ jọ

Ẹ má tíì ṣí Google o. Ẹ má sì tíì túmọ̀ ohunkóhun fún un, torí tẹ́ ẹ bá ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ "èèyàn", "person" ló máa bá yín kọ, ó parí, ọ̀rọ̀ náà ti kú síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún ọmọ ní ìwé ẹ̀sásáìsì, kẹ́ ẹ ní kó máa kọ gbogbo gbólóhùn tó bá ti gbọ́ "èèyàn" nínú ẹ̀ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì dáa fún un, ibi ìkómọ dáa, mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ dáa, ṣùgbọ́n èyí tó dáa jù ni ìgbà tí màmá àgbà bá pe láti ilé, tẹ́ ẹ bá ti gbé fóònù sórí sípíkà tẹ́ ẹ jẹ́ kí màmá máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ máa rí i pé nǹkan tí ọmọ máa kó wá ò jọra rárá. "Èèyàn ò sí nílé." "Èèyàn mi ni, ẹ jẹ́ kó wọlé." "Mo ní èèyàn ní mínísírì yẹn." "Ìyàwó Lánre, ìyẹn lèèyàn o!" "Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀, kì í ṣe èèyàn." "Ó mọ èèyàn ṣe." "Èèyàn laṣọ mi." Kẹ́ ẹ wá ní kó fa ìlà sáàárín ojú ìwé tuntun kan, kó kó àwọn tó jẹ́ pé orí la kàn ń kà sí apá kan, kó kó àwọn tó jẹ́ pé ìwà la ń wò sí apá kejì. Àwọn kan á wà tí kò ní mọ ibi tó yẹ kóun fi wọ́n sí, bí "èèyàn laṣọ mi", ìyẹn ò burú, ẹ jẹ́ kó fi wọ́n sáàárín.

Tó bá ṣe èyí tán, ẹ bi í ní ìbéèrè kan. Èèyàn márùn-ún jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù, aláboyún kan wọlé, ó dúró, ó di ìdí mú, ẹnì kan ṣoṣo ló dìde fún un. Èèyàn mélòó ló wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn? Ọmọ kan á sọ pé márùn-ún, èkejì á sọ pé ẹyọ kan. Ẹ má yan ẹni tó gbà á fún wọn o. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá bi ìyá yín nílé, òun náà á fún yín ní méjèèjì, á kàn yí ohùn padà ni.

Ẹ lè fi àwọn orúkọ tó kù tá a máa ń pe èèyàn kún un kíákíá. Ẹ̀dá, torí pé wọ́n dá wa ni. Aráyé, torí ayé là ń gbé. Ọmọ adáríhurun, èyí làwọn ọmọdé fẹ́ràn jù tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹni tí wọ́n dá tí irun hù lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ pa orí ara wọn kí wọ́n fi rántí. Àti ọmọnìyàn, tí rédíò máa ń lò tí wọ́n bá ń ka ìròyìn nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ láìparọ́ fún ọmọ

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe é tú, ibi tó ti dùn nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kó wa sí wàhálà, torí kò sẹ́ni tí ò lè tú u bó ṣe wù ú kó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ kọ́ ọmọ yín bá a ṣe ń dán ìtúmọ̀ wò kó tó gbà á. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wò: ṣé ohùn bára mu, ṣé gbogbo ìró tó wà nínú ọ̀rọ̀ ló níbi tó ti wá, ṣé ìwé àtijọ́ tì í lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká gbé "ènìyàn" fúnra ẹ̀ wò. Èyí tí ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn àgbà, àti lẹ́nu àwọn babaláwo kan, ni pé ẹni tí a yàn ni, àwọn tí Olódùmarè yàn láti gbé ire wá sílé ayé. Àlàyé tó dùn ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ kọ́ ọmọ yín ní i. Ṣùgbọ́n ẹ tún jọ dán an wò. Ẹ ní kó pe "ẹni", re-re ni. Ẹ ní kó pe "ènìyàn", dò-dò-dò ni látòkèdélẹ̀. "Ẹni" fi ẹ bẹ̀rẹ̀, "ènìyàn" fi e bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá mú Bíbélì àtijọ́ yẹn, èyí tí ewé ẹ̀ ti pọ́n tó ń rùn bí àpótí àgbà, kẹ́ ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 1 ẹsẹ 26, ibi tí Ọlọ́run ti ní ká dá èèyàn ní àwòrán wa, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ fìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Ohun tó máa bá níbẹ̀ ni "enia". Kò sí y níbẹ̀ rárá. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá parí, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, ọmọ Òsoogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, òun náà ló sì ti ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843. Báwọn ará ìgbà yẹn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun tá a fi ń kọ "ènìyàn" pẹ̀lú y, àkọtọ́ yẹn náà ló sọ "aiye" di "ayé". Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu ló kàn fi y so i àti a pọ̀, kó má sí "yàn" kankan níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ bó ṣe rí: ohun táwọn àgbà fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ wa nípa ìdí tá a fi wáyé nìyí, ẹ̀kọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn ní kékeré, ẹni kẹ́ni ò lè fi WhatsApp tàn án jẹ.

Kì í ṣe àwa nìkan náà o. Àwọn Ìgbò tá a jọ ń gbé ẹ́sítéètì, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n ní ibi tí "mmadụ" ti wá, wọ́n á sọ fún yín pé "mma dị" ni, pé ire ń bẹ, ẹlòmíì á ní "mma ndụ", pé ẹwà ilé ayé ni. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá àtijọ́ ní èrò méjì lórí "insān", àwọn kan fà á yọ láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ká mọra ẹni ká máa bára ẹni rẹ́, àwọn kan ní láti ara ìgbàgbé ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ mú ọmọ lọ sí Súrà 76, tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Al-Insān, èèyàn, kẹ́ ẹ jọ ka ẹsẹ 8, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dórí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹni tí wọ́n mú nígbèkùn, bí oúnjẹ yẹn tiẹ̀ wu àwọn fúnra wọn. Súrà tó ń jẹ́ Èèyàn, oúnjẹ tó ń lọ sọ́wọ́ ẹni tí ò ní ló wà nínú ẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjá.

"Ọmọlúàbí" ńkọ́? Èyí rọrùn ju ènìyàn lọ. Ọmọ tí olú ìwà bí, bọ́pọ̀ èèyàn ṣe ń tú u nìyẹn, kí ló sì mú èmi gbà á? Ẹ tẹ́tí sí àwọn àgbà, ọ̀pọ̀ wọn ò sọ pé ọmọlúàbí, "ọmọlúwàbí" ni wọ́n ń pè é, w tó wà nínú ìwà ṣì ń dún níbẹ̀. Àwọn tó ní ọmọ tí Nóà bí ni, kí wọ́n sọ ibi tí w yẹn ti wá fún wa.

Inú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ inúure

Èyí lọmọ máa gbádùn jù torí á lè ṣe é fúnra ẹ̀. Inú pẹ̀lú ire, ó di inúure, i tó wà nínú ire ló yí padà di u nítorí inú tó ṣáájú ẹ̀. Ó tán. Ìtúmọ̀ náà ò ṣòro, ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ọmọ mọ ohun tí "inú" ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Òyìnbó ń fi "heart" ṣe tiẹ̀, inú ni tiwa. Inú mi dùn, inú ń bí mi, inú mi bàjẹ́, inú ẹ̀ funfun, inúnibíni, ìlara wà níbẹ̀, àṣírí wà níbẹ̀, "mo fi sínú". Ẹ ní kó kọ gbogbo èyí tó bá mọ̀, ẹ ó sì rí i pé ojú ìwé á kún. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fún un ní "ìyọ́nú", kẹ́ ẹ ní kó wo yọ́ tó wà nínú ẹ̀, yọ́ tá a ń sọ nípa òrí àti bọ́tà tó bá fara kan iná. Ẹni tí inú ẹ̀ bá yọ́ sí yín, ohun tó le níbẹ̀ ti rọ̀ nìyẹn. Òdìkejì ẹ̀ ni ọ̀dájú, ojú ni tiẹ̀, torí inú la ti ń ro ire, ojú ni aláìláàánú fi ń wo ẹni tó ń jìyà tí kò sì ní gbọ̀n.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ẹnì kan láàánú tó sì nínúure, kì í ṣe pé ó fún wọn lówó ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni. Owó, oúnjẹ, gbígbé èèyàn láti Jabi dé Gwarinpa láìgba kọ́bọ̀, oore nìyẹn, oore ló máa ń ti inú yẹn jáde. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì sọ́tọ̀, torí ẹni tí inú ẹ̀ ò dáa náà lè ṣe oore níwájú kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ àyálò ni "sàráà". Orísun kan náà lòun àti "sadaka" tí àwọn Haúsá ń pè, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ó kàn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ẹnu wa ni. Tí ọmọ bá gbọ́ "sadaka" lẹ́nu àwọn almajiri tó gbé abọ́ dúró lẹ́nu gétì, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé baba òun ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jáde lọ bá àwọn Haúsá

Ibi tí gbígbé Àbújá ti ṣe wá lóore rè é, torí ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ wà lẹ́nu mai gadi tó ń ṣílẹ̀kùn fún yín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kọ́mọ tó lọ béèrè, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yanjú nínú ilé, mi ò ní fi bò. Ọ̀pọ̀ wa ló ń pe gbogbo ọkùnrin Haúsá ní "àbókí", bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, "àbókí, bá mi gbé omi wá". Ọ̀rẹ́ ni "aboki" túmọ̀ sí o, ọ̀rọ̀ tó dáa ni, àwa la sọ ọ́ di orúkọ ẹni tá ò bìkítà fún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa pe àgbàlagbà ní Baba tàbí Malam, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ṣe fún bàbá Yorùbá, kó sọ pé "Baba, ina kwana", ẹ káàárọ̀ nìyẹn. Tó bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, "sannu da aiki", ẹ kú iṣẹ́ náà gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ èèyàn, tí ẹ wá jẹ́ kó rán bàbá lásán bí ẹni rán ọmọ ọ̀dọ̀, kí lẹ wá kọ́ ọ?

Lẹ́yìn ìkíni, kó béèrè ọ̀rọ̀ méjì péré: kí ni "mutum", kí ni "mutunci". Mutum lèèyàn, mutane ni tí wọ́n bá pọ̀. Mutunci, ara mutum ló ti jáde, -ci tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ìwà tàbí ipò nǹkan, òun ni jíjẹ́ èèyàn, ìwà tó yẹ èèyàn, iyì. Tí Haúsá bá ní "ba shi da mutunci", kò ní mutunci, ohun kan náà tí ìyá yín ń sọ pé "kì í ṣe èèyàn" ló ń sọ. Tẹ́nì kan bá wọ́ ẹnì kejì nílẹ̀ lójú ọjà, wọ́n á ní "ya ci mutuncinsa", ó jẹ mutunci ẹ̀, ó jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ oúnjẹ. Ẹni rere ni "mutumin kirki", tó bá jẹ́ obìnrin á di "mutuniyar kirki". Ẹlòmíì lè sọ fún ọmọ pé ara "mutu", ká kú, ni mutum ti wá, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì dán an wò bó ṣe dán ènìyàn wò, kó má kàn gbà á torí pé ìró jọra. Ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá ńlá tí Bargery ṣe jáde lọ́dún 1934 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wá mutunci níbẹ̀. Ti Yorùbá tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, tẹ̀ lọ́dún 1913 náà wà, "enia" ni kẹ́ ẹ fi wá a, kẹ́ ẹ má fi ènìyàn wá a torí ẹ ò ní rí i.

Tí ẹ bá ní aládùúgbò Fúlàní, kó béèrè "neɗɗo", èèyàn, àti "neɗɗaaku", ìwà èèyàn. Àwọn Gbagyi tó nilẹ̀ tá a kọ́lé lé náà ń bẹ o, ìyá tó fèjìká ru igi kọjá níwájú ilé yín lè jẹ́ tíṣà tó dáa jù nínú gbogbo wọn. Ẹ fi odindi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún wọn.

Ìwé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo èyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948 ni àjọ UN gba Ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wọlé, wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ sí Haúsá, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala kìíní nìkan lẹ máa lò, kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ẹ da méjèèjì kọ sójú ìwé kan, Yorùbá lápá òsì, Haúsá lápá ọ̀tún, kí ọmọ fi pẹ́ẹ̀nì àwọ̀ fa ìlà sábẹ́ ibi tó bára mu.

Ibi tí tiwa ti ní "gbogbo ènìyàn", tiwọn ní "'yan-adam", àwọn ọmọ Ádámọ̀. Ibi tí tiwa ti ní "iyì", ẹ wo ohun tó wà nínú tiwọn: mutunci. Ọ̀rọ̀ tí mai gadi ṣàlàyé fún ọmọ lẹ́nu gétì, òun náà ló dé inú ìwé tí àjọ UN gbà wọlé. Ìparí ẹ̀ ló wá dùn jù. Tiwa ní ó yẹ kí wọ́n máa hùwà sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá. Tiwọn parí sí "'yan-uwanci". Ẹ ní kí ọmọ tú u: 'yan, àwọn ọmọ, uwa, ìyá. Ọmọ ìyá náà ni! Òyìnbó tí wọ́n túmọ̀ látinú ẹ̀ kò dárúkọ ìyá kankan, "brotherhood" ló lò, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu Yorùbá tó sì dé ẹnu Haúsá, ọ̀dọ̀ ìyá làwọn méjèèjì gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé a ò lè gbé pọ̀ níhìn-ín, ojú ìwé yìí ni mo máa ń rò.

Ti Òyìnbó kò gba àkókò. "Kind" tó wà nínú "mankind" àti "kind" tí tíṣà wọn ń lò fún ẹni tó láàánú, ìdí kan náà ni wọ́n ti jáde, òun àti "kin" tó jẹ́ ẹbí, láyé àtijọ́ ó ń sọ nípa ìbí àti ìran ẹni. "Human" àti "humane" náà, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n kí wọ́n tó pín in sí méjì. Ní Gúúsù Áfíríkà, umuntu lèèyàn, abantu ni tó bá pọ̀, ubuntu sì ni jíjẹ́ èèyàn, wọ́n ní èèyàn ń tipa èèyàn di èèyàn. Wọ́n kọ ubuntu sínú òfin ìjọba onígbà díẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1993 nígbà tí wọ́n ń jáde kúrò nínú ẹlẹ́yàmẹ̀yà, nígbà tó sì di ọdún 1995 tí ilé ẹjọ́ òfin ìlú wọn fagi lé ìdájọ́ ikú, ubuntu wà lára ohun tí àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ tó bá ń lo kọ̀ǹpútà lè ti rí orúkọ yẹn rí, torí láti ọdún 2004 ni sọ́fútíwíà kan ti ń jẹ́ ẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ìṣe

Ìwé ẹ̀sásáìsì nìkan ò lè kọ́ ọ. Lálẹ́, ẹ sọ ìtàn Ìwà fún un, bí Ifá ṣe sọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ nípa ẹ̀ láti ọdún 1975. Ìwà jẹ́ ọmọ Sùúrù, Sùúrù sì ni àkọ́bí Olódùmarè. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà níyàwó, kò tọ́jú ẹ̀, Ìwà sì bá tiẹ̀ lọ. Àtìgbà yẹn ni nǹkan ò ti lọ dáadáa fún Ọ̀rúnmìlà mọ́, iyì ẹ̀ ń dín kù, àwọn èèyàn ń sá fún un, ló bá dìde ó ń wá a kiri. Àwọn ọmọ máa ń béèrè pé ṣé ó padà wá. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn.

Nígbà ààwẹ̀ àti Iléyá, tí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá, ọmọ ni kó fọ àwo náà, kí ọmọ sì gbé e padà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó lọ lófìfo. Ó lè jẹ́ ọsàn díẹ̀, ó lè jẹ́ mọ́ínmọ́ín. Kó fọwọ́ méjèèjì gbé e, kó kí wọn, kó máa bọ̀. Kérésìmesì tó bá dé, àwa la máa kọ́kọ́ gbé tiwa jáde. Tó bá darí dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tá a fún wọn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ rán an létí pé a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Ẹ jẹ́ kó fojú inú wo ẹni tó lóṣòó ti oore ọ̀hún, tó ń wojú ẹni tó gbà á, ó máa yé e. Tó bá sì jẹ́ òun ni wọ́n ṣe lóore, òwe kejì ni: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Méjèèjì ni kẹ́ ẹ fún un papọ̀, torí ẹni tó mọ èkínní nìkan lè máa rò pé ọpẹ́ ò pọndandan, ẹni tó mọ èkejì nìkan á máa dúró gba ọpẹ́.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa bi yín ní èyí tó le jù. Bóyá wọ́n mú olè kan lọ́jà, wọ́n ti bọ́ ọ sí ìhòòhò, ẹnì kan ń wá táyà, gbogbo ẹnu ló sì ń sọ pé "ẹ pa á, kì í ṣe èèyàn". Ọmọ yín ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ẹ̀ rí, lẹ́nu ìyá àgbà fúnra ẹ̀. Á bi yín pé ṣé òótọ́ ni. Ẹ padà sójú ìwé tó fàlà sí àárín, kẹ́ ẹ fi hàn án pé apá ìwà ni gbólóhùn yẹn wà látìbẹ̀rẹ̀, ìwà ọkùnrin yẹn ló ń dá lẹ́jọ́, kò lágbára láti yọ ọ́ kúrò ní apá kìíní, níbi tá a ti ń ka orí. Ọmọ adáríhurun ṣì ni. Abala kìíní yẹn ò ní gbogbo ènìyàn àyàfi olè. Ẹ sọ fún un pé ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ, tí òun bá sì bá irú ẹ̀ pàdé, kó má sọ òkúta, kó má yọ fóònù láti ya fídíò, kó wá àgbàlagbà tó lè dá wọn lẹ́kun, Malam ni o, pásítọ̀ ni o, ẹni yòówù tí wọ́n bá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu ládùúgbò yẹn, kó sáré lọ pè é.